Ikú Ilé, Ikú Òde: Ogun àti Àjàkálẹ̀ Àrùn ní Ilẹ̀ Ọba Róòmù, 161 sí 180

Àwọn àgbà wa a máa sọ pé bí ikú ilé kò bá pa ni, ti òde kò lè pa ni. Òwe yìí bá ìtàn ilẹ̀ ọba Róòmù mu ní ọ̀nà kan tí ó yẹ kí á fara balẹ̀ wò. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ni pé ọ̀tá dé láti ẹ̀yìn odi, ó já odi, ó sì wó ilé. Ṣùgbọ́n ní ìgbà Késárì Marcus Aurelius, tí ó jọba láti ọdún 161 títí di ọdún 180 lẹ́yìn ìbí Kristi, ikú ti wọ inú ilé kí ọ̀tá tó dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn ọmọ ogun Róòmù fúnra wọn ni wọ́n gbé e bọ̀, láti ojú ogun tí wọ́n ti ṣẹ́gun. Bí èyí ṣe ṣẹlẹ̀, ohun tí ìjọba ṣe sí i, àti ẹni tí àwọn ènìyàn ìgbà náà di ẹ̀bi rẹ̀ rù, ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò.

Ogun ìhà ìlà-oòrùn

Ní oṣù kẹta ọdún 161, Késárì Antoninus Pius wàjà lẹ́yìn ìjọba ọdún méjìlélógún tí ó tòrò ju ti ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ lọ. Marcus Aurelius, ọmọ tí ó gbà tọ́, gorí ìtẹ́. Ó fi Lucius Verus, tí àwọn méjèèjì jọ jẹ́ ọmọ àgbàtọ́ baba kan, ṣe Késárì pẹ̀lú ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Róòmù kò sì tíì ní Késárì méjì lẹ́ẹ̀kan náà rí. Ilẹ̀ tí wọ́n jogún bẹ̀rẹ̀ láti Bìrìtéènì, ó dé etí aṣálẹ̀ Síríà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti odò Ráìnì àti odò Dánúbù, ó dé Íjíbítì àti ilẹ̀ tí a ń pè ní Túnísíà àti Àljéríà lónìí. Àwọn tí ń ṣọ́ ilẹ̀ yìí kò pọ̀ tó bí ẹnìkan ṣe lè rò. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá tí wọ́n ń pè ní lẹ́gíọ́nì kò ju nǹkan bí 28 lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní nǹkan bí 5,000 ọkùnrin, pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ olùrànlọ́wọ́ tí wọ́n ń tẹ̀ lé wọn. Etí ààlà ni a tẹ́ gbogbo wọn sí. Bí a bá mú wọn kúrò níbì kan, ibẹ̀ di àlàfo.

Ní ọdún 161 náà, Vologases, ọba Pátíà, ẹni tí ìjọba rẹ̀ wà ní ilẹ̀ Ìráàkì àti Ìráànì òde òní, fi ẹni tirẹ̀ jọba ní Àméníà, ilẹ̀ tí ó wà láàrin òun àti Róòmù. Severianus, gómìnà Róòmù ní Kapadókíà, kó ogun jáde lọ kọjú rẹ̀. Kí ó tó lọ, ó ránṣẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wòlíì kan tí ó gbajúmọ̀ nígbà náà, Alexander ará Abonoteichos, tí ó ní òun ń gbọ́ ohùn òrìṣà kan tí ó jẹ́ ejò. Wòlíì náà ṣèlérí ìṣẹ́gun fún un. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, àwọn ará Pátíà pa Severianus àti ogun rẹ̀ run ní Elegeia. Lucian, òǹkọ̀wé ará Síríà tí ó gbé ayé nígbà náà, ni ó kọ ìtàn yìí sílẹ̀. Kí òǹkàwé fi orúkọ Alexander sọ́kàn, nítorí a ó tún bá a pàdé.

Lucius Verus lọ sí Síríà ní ọdún 162. Kí agbára Róòmù lè tó ti Pátíà, wọ́n fa lẹ́gíọ́nì mẹ́ta yọ láti bèbè Ráìnì àti Dánúbù, wọ́n sì dà wọ́n sí ìhà ìlà-oòrùn. Ogun náà yọrí sí rere. Ní ọdún 163, wọ́n gba Artaxata, olú ìlú Àméníà. Nígbà tí ọdún 165 ń parí lọ, Avidius Cassius, ọ̀gágun tí a bí ní Síríà, sọ̀ kalẹ̀ dé odò Tígírísì, ó sì gba Seleucia, ìlú ńlá tí àwọn ará Gíríìsì tẹ̀ dó. A kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ará ìlú ti ṣílẹ̀kùn fún un bí ọ̀rẹ́, síbẹ̀ ó kó ìlú náà. Òǹkọ̀wé mìíràn sì gbè é, ó ní àwọn ará ìlú ni wọ́n kọ́kọ́ dalẹ̀. Ní òdìkejì odò, ní Ctesiphon, wọ́n wó ààfin ọba Pátíà lulẹ̀. Nígbà tí Cassius ń kó ogun padà bọ̀, ebi àti àrùn pa púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Ìyókù dé Síríà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 166, àwọn Késárì méjèèjì gun kẹ̀kẹ́ ẹṣin ìṣẹ́gun la ìgboro Róòmù kọjá, àwọn ènìyàn sì ń hó ìhó ayọ̀.

Àrùn tí ó bá ìkógun wálé

Ìtàn méjì ni àwọn ará Róòmù ń sọ nípa bí àrùn náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí èkíní ti wí, ọmọ ogun kan wọ inú ilé òrìṣà Apollo ní Bábílónì, ó ṣí àpótí wúrà kan, afẹ́fẹ́ búburú sì tú jáde láti inú rẹ̀, ó gba gbogbo ayé. Èkejì, tí òpìtàn Ammianus Marcellinus kọ ní nǹkan bí igba ọdún lẹ́yìn náà, sọ pé ní Seleucia ni ó ti ṣẹlẹ̀: wọ́n gbé ère Apollo kúrò nínú ilé rẹ̀ lọ sí Róòmù, àwọn ọmọ ogun rí ihò tóóró kan nínú ilé òrìṣà náà, wọ́n ṣí i nítorí wọ́n rò pé ìṣúra wà níbẹ̀, àrùn ni ó sì jáde.

Bí a bá bọ́ aṣọ àràmàǹdà lára ìtàn méjèèjì, òótọ́ kan ṣẹ́ kù sínú wọn: àwọn tí ó sọ wọ́n mọ̀ pé ibi tí wọ́n ti kó ẹrù ogun ni wọ́n ti kó àrùn. Nígbà tí ogun ṣì ń lọ, ní ọdún 165, àrùn ti dé Símírínà ní etíkun Éṣíà Kékeré. Aelius Aristides, ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ sọ jù ní ìlú náà, kọ ọ́ pé òun àti àwọn ará ilé òun dùbúlẹ̀, òun fúnra òun sì dé ẹnu ikú kí òun tó yè. Ní ọdún 166 ó ti wà ní Róòmù. Láti ibẹ̀ ó tàn dé ìwọ̀-oòrùn àti àríwá.

Kò yẹ kí ìyára rẹ̀ yà wá lẹ́nu. Ọ̀nà tí a fi òkúta tẹ́ so gbogbo ìlú ńlá pọ̀, nítorí kí ọmọ ogun lè tètè dé ibi tí ogun bá wà. Ọkọ̀ ojú omi ń kó ọkà Íjíbítì àti ti Áfíríkà lọ sí Róòmù, ìlú tí àwọn ènìyàn ibẹ̀ tó mílíọ̀nù kan. Nínú àgọ́ ọmọ ogun, àwọn ọkùnrin ń sùn ní yàrá kan náà, wọ́n sì ń jẹun nínú ìkòkò kan náà. Ohun gbogbo tí ó sọ Róòmù di alágbára ni àrùn náà gùn bí ẹṣin.

Ohun tí Galen rí

A dúpẹ́ pé oníṣègùn tí ó mọ iṣẹ́ jù ní ìgbà náà wà láàyè láti rí i. Ní Pergamon ni a ti bí Galen ní ọdún 129. Ó dé Róòmù ní ọdún 162, ó gba orúkọ níbẹ̀, ó sì padà sí ìlú rẹ̀ ní ọdún 166, ní àkókò tí àrùn náà ń wọ Róòmù. Nígbà òtútù láàrin ọdún 168 àti 169, àwọn Késárì ránṣẹ́ pè é wá sí Aquileia ní ìhà àríwá Ítálì, níbi tí wọ́n ti ń kó ogun jọ. Bí ó ti ń dé ni àrùn bẹ́ sílẹ̀ nínú àgọ́. Àwọn Késárì yára gba ọ̀nà Róòmù, ṣùgbọ́n Lucius Verus kú lójú ọ̀nà. Galen àti àwọn tí ó kù dúró, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kú. Nínú ìwé kan tí ó kọ ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, ó sọ pé nínú àjàkálẹ̀ náà ni òun pàdánù fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo àwọn ẹrú tí òun ní ní Róòmù.

Àpèjúwe Galen wà káàkiri nínú àwọn ìwé rẹ̀. Ó sọ nípa ibà, ìgbẹ́ gbuuru, egbò ọ̀nà ọ̀fun, àti ìléròrò dúdú tí ó ń bo gbogbo ara, tí ó ń gbẹ, tí èépá rẹ̀ sì ń bọ́ sílẹ̀ lára àwọn tí yóò yè. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń kọ ìtàn ìṣègùn gbà pé èyí ni àrùn tí àwọn baba wa ń bẹ̀rù láti dá orúkọ rẹ̀ pè, tí wọ́n fi ń pè é ní Ilẹ̀gbígbóná tàbí Olóde, tí àwọn aládùúgbò wa Fọ̀n ń pè ní Sakpata: èyíinì ni ṣànpọ̀nná, tàbí ìbátan rẹ̀ kan tí ó ti parẹ́. Ní ọdún 1980 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ṣànpọ̀nná ti tán láyé. Àwọn àgbà tí ó ti rí ojú tí ó gún nílẹ̀ wa kí ọdún yẹn tó dé kò nílò kí ẹnìkan túmọ̀ ọ̀rọ̀ Galen fún wọn.

Àwọn tí kò rí oníṣègùn wá ààbò níbòmíràn. Alexander, wòlíì tí ó tan Severianus lọ sójú ikú, tún yọjú. Ó fi ẹsẹ ọ̀rọ̀ kan tí ó ké pe Apollo ránṣẹ́ sí ilẹ̀ gbogbo, àwọn ènìyàn sì ń kọ ọ́ sára ìlẹ̀kùn wọn kí àrùn má bàa wọlé. Lucian sọ pé àwọn ilé tí a kọ ọ́ sí gan-an ni ó di ahoro jù. Ìdí tí ó rò pé ó fà á mọ́gbọ́n wá: àwọn onílé gbẹ́kẹ̀ lé ẹsẹ ọ̀rọ̀ náà, wọn kò sì ṣọ́ra mọ́. Ẹ kíyè sí i pé Apollo kan náà ni àwọn kan sọ pé àrùn ti inú ilé rẹ̀ jáde, tí àwọn mìíràn sì ń kọ orúkọ rẹ̀ sí ẹnu ìlẹ̀kùn kí àrùn má bàa wọlé.

Bèbè odò Dánúbù

Òwe mìíràn sọ pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Àwọn ẹ̀yà Jámánì tí ó wà ní òdìkejì Dánúbù ní ìdí tiwọn tí wọ́n fi ń wá ilẹ̀: àwọn ẹ̀yà tí ó wà lẹ́yìn wọn ní àríwá ń tì wọ́n síwájú. Kì í ṣe àrùn ni ó pè wọ́n. Ṣùgbọ́n ogun Pátíà ti fa àwọn ọmọ ogun kúrò ní bèbè odò, nígbà tí wọ́n sì padà, wọ́n gbé àrùn bọ̀ sínú àgọ́ wọn. Láàrin ọdún 166 àti 167, 6,000 jagunjagun la odò náà kọjá. Wọ́n lé wọn padà. Àwọn Késárì pinnu láti lọ, ṣùgbọ́n àrùn dá wọn dúró, ọdún 168 ni wọ́n tó kúrò ní Róòmù.

Nígbà tí ó di nǹkan bí ọdún 170, àwọn Marcomanni àti Quadi já ààlà wọlé. Wọ́n sun ìlú Opitergium, wọ́n sì dó ti Aquileia, ní ilẹ̀ Ítálì fúnra rẹ̀, ibi tí ogun àjèjì kò ti tẹ̀ láti bí i ọdún 270. Ní àkókò kan náà, àwọn Costoboci gba ìhà Balkan dé Gíríìsì, wọ́n sì kó ojúbọ ńlá Eleusis nítòsí Áténì. Lucian sọ pé nígbà ogun yìí ni Alexander ní kí wọ́n ju kìnnìún méjì pẹ̀lú tùràrí sínú Dánúbù láti rí ìṣẹ́gun. Àwọn kìnnìún náà lúwẹ̀ẹ́ dé òdìkejì, àwọn ọ̀tá rò pé ajá ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n, wọ́n sì fi kùmọ̀ lù wọ́n pa. Lẹ́yìn èyí, àwọn ọmọ ogun Róòmù tí ó tó nǹkan bí 20,000 ṣubú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ohun tí ìjọba ṣe

Ní Róòmù, Marcus kọ́kọ́ bẹ ọ̀run. Ó pe àwọn àlùfáà láti ilẹ̀ gbogbo, ó fi ọjọ́ méje se àsè fún àwọn òrìṣà, ó sì ṣe ètùtù ìlú. Kò dúró níbẹ̀. Òkú pọ̀ débi pé kẹ̀kẹ́ ẹrù ni wọ́n fi ń kó wọn. Ó ṣe òfin líle nípa ìsìnkú, ó sì pàṣẹ pé owó ìjọba ni kí wọ́n fi sin àwọn tálákà.

Àwọn ọmọ ogun ń kú, àlàfo wọn kò sì ṣeé fi sílẹ̀. Ó ti dá lẹ́gíọ́nì tuntun méjì sílẹ̀ ní Ítálì. Lẹ́yìn náà ó gba àwọn ẹrú sínú iṣẹ́ ogun, èyí tí Róòmù kì í ṣe àyàfi bí nǹkan bá le gan-an. Ó gba àwọn tí ń fi idà bá ara wọn jà ní gbàgede eré, ó gba àwọn ọlọ́ṣà Dalmatia, ó sì fi owó gba àwọn Jámánì kan láti bá Jámánì jà. Owó kò sí mọ́, kò sì fẹ́ fi owó orí tuntun kún ìyà àwọn ará ìgbèríko. Nítorí náà ó lu ẹrù ààfin ní gbàǹjo: ife wúrà, ohun ọ̀ṣọ́, àní àti aṣọ sẹ́dà ìyàwó rẹ̀. Oṣù méjì ni wọ́n fi tà á ní gbàgede Trajan.

Wọ́n lé àwọn ọ̀tá kúrò ní Ítálì, Marcus sì gbé ogun náà lọ sí òdìkejì odò. Nínú àgọ́, nítòsí Carnuntum àti ní ilẹ̀ àwọn Quadi, ó kọ apá kan nínú ìwé èrò ọkàn rẹ̀ tí a ṣì ń kà dòní. Ìgbà kan ṣoṣo ni ó dárúkọ àjàkálẹ̀ àrùn níbẹ̀, láti sọ pé ìbàjẹ́ ọkàn burú ju ìbàjẹ́ afẹ́fẹ́ lọ. Jerome kọ ọ́ pé ní ọdún 172, àrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa gbogbo ogun náà tán. Síbẹ̀ wọ́n ń jà.

Ìwé àdéhùn àlàáfíà jẹ́ kí a rí bí ìkọlù náà ti tóbi tó. Ní ọdún 175, nígbà tí àwọn Iazyges túúbá, òpìtàn Cassius Dio sọ pé wọ́n dá ìgbèkùn 100,000 padà. Wọ́n tún fún Róòmù ní ẹlẹ́ṣin 8,000, Marcus sì rán 5,500 nínú wọn lọ sí Bìrìtéènì. Ó fi ilẹ̀ fún àwọn Jámánì mìíràn ní àwọn ìgbèríko etí Dánúbù àti ní Ítálì pàápàá, kí wọ́n máa dáko níbi tí ènìyàn ti dín kù. Nígbà tí àwọn tí ó wà ní Ravenna ṣọ̀tẹ̀, ó kó wọn kúrò, kò sì mú irú wọn wá sí Ítálì mọ́. Báyìí ni ẹni tí ó wá bí ọ̀tá ní àná di aládùúgbò àti ọmọ ogun ní òní.

Iye àwọn tí ó kú

Kò sí ẹni tí ó ka gbogbo òkú. Púpọ̀ nínú àwọn onímọ̀ fojú díwọ̀n rẹ̀ sí ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo ènìyàn ilẹ̀ ọba náà; àwọn kan dín in kù, àwọn kan fi kún un. Ṣùgbọ́n ìwé kékeré máa ń sọ̀rọ̀ níbi tí òpìtàn dákẹ́ sí. Ní Soknopaiou Nesos, abúlé kan ní agbègbè Fayoum ní Íjíbítì, àkọsílẹ̀ owó orí fi hàn pé nínú 244 ọkùnrin tí ń san owó orí, 78 kú ní oṣù méjì àkọ́kọ́ ọdún 179. Akọ̀wé náà kò dárúkọ àrùn. Orúkọ òkú ni iṣẹ́ rẹ̀, ó kọ ọ́, ó sì kọjá. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 189, Dio sọ pé 2,000 ènìyàn ń kú ní Róòmù ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

Marcus kú ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 180, lẹ́nu iṣẹ́ ogun ní ìhà Dánúbù. Ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ sọ pé ó béèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ìdí tí wọ́n fi ń sunkún òun, dípò kí wọ́n ronú nípa àrùn àti ikú tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Ilẹ̀ ọba náà kò wó. Nígbà tí àjàkálẹ̀ mìíràn dé ní nǹkan bí ọdún 249, èyí tí a fi orúkọ Cyprian, bíṣọ́ọ̀bù Kátéèjì ní Áfíríkà, pè, ó bá ilé tí ó ti sán: àwọn Goth pa Késárì Decius ní 251, Páṣíà mú Késárì Valerian láàyè ní 260, àrùn sì pa Késárì Claudius ní 270. Ẹ̀ẹ̀kejì yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tú Róòmù ká.

Ẹ̀bi ta ni?

Ẹ jẹ́ kí a padà sí àpótí wúrà. Ìtàn náà di ẹ̀bi àrùn ru òrìṣà ilẹ̀ òkèèrè àti ọmọ ogun kan tí ojú rẹ̀ kò gbébì kan. Àwọn mìíràn di í ru Lucius Verus, wọ́n ní ibikíbi tí ó gbà kọjá ni ó ń fi àrùn sílẹ̀ sí. Ó rọrùn láti fi ẹ̀bi kan ẹnìkan tàbí àjèjì kan. Ohun tí ó ṣòro láti gbà ni pé ìṣẹ́gun fúnra rẹ̀ ni ó gbé àrùn wálé, pé ọ̀nà tí ó gbé ọrọ̀ wá ni ó gbé ikú wá, àti pé ogun kan náà ni ó tú ààlà àríwá sílẹ̀ fún àwọn Marcomanni. Ẹ̀kọ́ yìí kò gbó. Ìgbàkígbà tí àrùn bá bẹ́ sílẹ̀ láyé, ojú a máa kọ́kọ́ yí sí àlejò, kí ó tó yí sí ọ̀nà tí àwa fúnra wa là.

Òpó òkúta gíga kan ṣì dúró ní Róòmù lónìí tí a fi ṣe ìrántí àwọn ogun Marcus. Wọ́n gbẹ́ ìtàn rẹ̀ yí i ká láti ìsàlẹ̀ dé òkè: ọmọ ogun ń la odò kọjá, abúlé ń jó, àwọn ìgbèkùn ń sunkún. Ogun ni wọ́n gbẹ́ sí i. Bí a bá fẹ́ rí àwọn tí àrùn pa, a ní láti fi òpó náà sílẹ̀, kí á lọ ka ìwé owó orí abúlé Soknopaiou Nesos.